ERÉ MÁÌLÌ 26: OHUN TÍ ẸSẸ̀ WA RÍ LÁTI KÉTU DÉ ORÍ AFÁRÁ

Àwọn àgbà a máa wí pé ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá gbọ́ pé bàbá ilé kan, ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì sì ń bọ́ ọ, ń jí ní agogo 4 òwúrọ̀ láti lọ máa sáré ní títì, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé yóò bèèrè ni pé ta ni ó ṣẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 wá, irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, àti àwọn ìyá pẹ̀lú, ti di púpọ̀ ní ìlú Èkó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tọ́ kí ìwé ìròyìn tí ń bá ìdílé sọ̀rọ̀ ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún wọn. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn. Nítorí-náà ohun tí ẹsẹ̀ wa rí ni a ó sọ, a ó sì fi ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ara ènìyàn tì í lẹ́yìn.

Eré tí a ń wí ni Access Bank Lagos City Marathon. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ sá a. Wọ́n gbéra ní Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Eko Atlantic, ilẹ̀ tí a fi iyanrìn gbà lọ́wọ́ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gbogbo rẹ̀, èyí tí í ṣe máìlì 26 ó lé díẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ni ó gbégbá orókè ní ọdún náà, 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀bùn ẹni àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2025, tí í ṣe ìgbà kẹwàá, oṣù Fẹ́búárì kan kò kọjá láìsí eré náà, Sátidé ni ó sì ń bọ́ sí nígbà gbogbo. Èyí dùn mọ́ àwọn ilé onígbàgbọ́ nínú, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní fi eré ṣe àwáwí láti má wá sí ìsìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtidìde dúró nígbà orin ní ọjọ́ kejì kì í ṣe ohun kékeré fún itan ẹni tí ó sá a.

Ohun tí ó mú eré náà kan àwa ará Kòsọ́fẹ́ gan-an ni ọ̀nà tí ó gbà. Láti Sùúrùlérè, ó gba Fadéyì àti Onípàánù lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó yà ní Anthony, ó gba Gbàgádà dé Òwòròńṣòkí, níbẹ̀ ni ó sì ti gun afárá ńlá nì, Third Mainland Bridge, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, tí Ààrẹ Ibrahim Babangida ṣí ní ọdún 1990. Anthony àti Òwòròńṣòkí, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni wọ́n wà. A kò lè wí pé eré náà jìnnà sí wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wa ni ó ń gbà kọjá.

Bí ẹnìkan bá bèèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, tí kò jẹ́ 40 geere, Lọ́ńdọ̀nù ni ìdáhùn wà. Ìtàn tí a fi sọ eré náà lórúkọ ni ti ìránṣẹ́ ará Gíríìsì kan, tí wọ́n ní ó sáré láti pápá ogun Marathon dé Áténì láti ròyìn ìṣẹ́gun, tí ó sì kú bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ náà tán. Nígbà tí a jí Ìdíje Olympic dìde ní Áténì ní ọdún 1896, nǹkan bí 40 kìlómítà ni wọ́n sá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1908, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ kí eré gbéra ní ààfin Windsor, kí ó sì parí níwájú ìjókòó ọba nínú pápá ìṣeré. Máìlì 26 àti yáàdì 385 ni ó bọ́ sí. Ọdún 1921 ni a sọ ìwọ̀n yìí di òfin fún gbogbo ayé. Nítorí àga ọba ni itan ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ṣe ń ro wọ́n ní ìkẹyìn ọ̀nà.

Wàyí o, kí a sọ bí àwa ti ṣe bọ́ sínú ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ wa: ìjókòó ni láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìjókòó sì tún ni nínú ọkọ̀ láti Kétu lọ sí Erékùṣù àti àbọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà ní ọdún 2017, nǹkan ṣe méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, tí ọjọ́ orí wọn kò ju tiwa lọ. Apá ọ̀tún ọ̀kan rọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti èkejì, àwa wà nínú àwọn tí ó gbé pósí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àwọn oníṣègùn pè é. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn tiwa, 160 lórí 100 ni ẹ̀rọ kà. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn bi wá pé, "Bàbá, ọmọ yín mélòó ni ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́?" A ní mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa lo oògùn yín, ẹ dín iyọ̀ kù, kí ẹ sì máa rìn."

A rìn. A sì ń lo oògùn, nítorí a fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin òǹkàwé wa yékéyéké pé eré sísá kì í gba ipò oògùn tí dókítà bá fún ni, àti pé ẹni tí ó ti kọjá ogójì ọdún kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré kí a tó yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Oṣù mẹ́ta ni a fi rìn kí dókítà tó ní kí a máa sáré díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú mẹ́ta ìrìn. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú kan náà gùn bí ìwàásù àlejò.

Ẹni tí kò bá tíì jáde ní Kétu ní agogo 4 ààbọ̀ òwúrọ̀ kò tíì mọ Kétu. Ní wákàtí náà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti Òkè Ọya bọ̀ ń tò wọ Mile 12, tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ni wọ́n kó. Àwọn alábàárù ń sáré pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, omi tòmátò tí ó ti bàjẹ́ sì ń ṣàn lẹ́bàá títì, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Gọ́tà wà tí kò ní ìdérí. Ọlọ́kadà ń bọ̀ láìtan iná. Òfin tí a fi lélẹ̀ fún ara wa nìyí: aṣọ funfun ni a ń wọ̀, ojú sí ojú ni a ń sá pẹ̀lú ọkọ̀, kí a má ṣe kọ ẹ̀yìn sí i, a kì í sì í fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì ńlá BRT, tí ó ti wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú láti ọdún 2008. Láti Kétu a ń gba Alápẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà Ògùdù, tàbí kí a lọ sí Ọ̀jọ́ta kí a sì padà. Kò pẹ́ tí a fi di mẹ́rin: awakọ̀ kan, olùkọ́ obìnrin kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní Ìkòsì.

Ìyá alákàrà kan wà ní ojú ọ̀nà wa tí kì í jẹ́ kí a kọjá láìkí wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó nahùn pè wá pé, "Bàbá, ẹ kú eré o! Ṣé kò sí o?"

A ní, "Kò sí, ìyá. Ara ni a ń tọ́jú."

Ó wo alábàárù kan tí ó ń kọjá lọ, òógùn bò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ń sáré kí ẹ lè ní agbára, àwọn wọ̀nyí ń fi agbára jẹun. Ọlọ́run á ṣọ́ yín o."

A kò rí èsì fún un, a kò sì tíì rí i títí di òní. Òótọ́ ni pé kìlómítà tí alábàárù Mile 12 ń rìn lóòjọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí lè ju tiwa lọ, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní àmì-ẹ̀yẹ.

Ohun kan tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ajá. Ajá tí ń sùn lọ́sàn-án ni ó ni títì ní òru, bí ó bá sì rí ẹni tí ń sáré, olè ni ó pè é. Ní àkókò tí ajá ń lé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ ni a kà nípa Len Taunyane, ọkàn wa sì fúyẹ́.

Ìtàn náà yẹ ní sísọ. Ọdún 1904 ni, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ìdíje Olympic kẹta gbé wáyé pẹ̀lú ìpàtẹ ọjà ńlá àgbáyé. Ọmọ ilẹ̀ Tswana méjì láti Gúúsù Áfíríkà, Len Taunyane àti Jan Mashiani, ti wá sí ìpàtẹ náà nítorí eré ìrántí Ogun Boer tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún marathon, wọ́n sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó bá wọn díje ní Olympic. Ooru mú gidigidi ní ọjọ́ náà, ọ̀nà jẹ́ kìkì erùpẹ̀, àwọn ọkọ̀ mọ́tò àwọn alábòójútó sì ń ru eruku sí àwọn sárésáré lẹ́nu. Omi kò ju ibì kan tàbí méjì lọ lójú gbogbo ọ̀nà, nítorí pé ọ̀gá tí ó ṣètò eré náà, James Sullivan, fẹ́ wo ohun tí àìsí omi yóò ṣe sí ara ènìyàn. Ó rí i. Àwọn 32 ni ó gbéra, 14 péré ni ó parí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ pápá, Fred Lorz, ọkọ̀ mọ́tò ni ó wọ̀ fún ọ̀pọ̀ máìlì. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n dé e ládé kí àṣírí tó tú. Thomas Hicks tí wọ́n padà fún ní ẹ̀bùn, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń fún un ní ọtí líle àti májèlé strychnine lójú ọ̀nà kí ó má baà ṣubú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Taunyane ní tirẹ̀, ajá lé e kúrò lójú ọ̀nà, ó sáré jìnnà kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Mashiani ṣe ìkejìlá. Kò sí ẹni tí ó mọ ipò tí ìbá ṣe bí kò bá sí ti ajá.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ni a fẹ́ kí àwọn ìyá ilé fi etí sí, nítorí àwọn ni wọ́n ń di ẹrù fún ẹni tí ń lọ sáré. Ooru Èkó kò dàbí ooru Kánò. Ní Kánò, òógùn ń gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń tu ara. Ní Èkó, ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kàn ń ṣàn ni, kì í gbẹ, inú ara sì ń gbóná sí i bí ìkòkò tí a dé. Nítorí-náà ẹni tí ó bá lè sáré wákàtí kan ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lè ṣubú ní ìdajì wákàtí ní agogo 11. Bí ẹni tí ń sáré bá dẹ́kun àtilàágùn, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì bára mu mọ́, ẹ má ṣe gbàdúrà lé e lórí nìkan: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì wá oníṣègùn.

Ṣùgbọ́n àpọ̀jù omi pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kò gbàgbọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò ní Boston ní ọdún 2002, 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, èyí tí ó sì pọ̀ nínú ohun tí ó fà á ni pé wọ́n mu omi ju èyí tí ara wọn pàdánù lọ. Irú rẹ̀ lè mú ọpọlọ wú, ó sì ti pa ènìyàn rí. Bí òùngbẹ bá ti gbẹ ọ́ ni kí o mu. Kí iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, bíi ti omi tí a ń pò fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru.

Ti oúnjẹ kò le. Ara ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran itan, ṣùgbọ́n èyí tí ó kó pamọ́ kì í tó ọ̀nà. Nǹkan bí kìlómítà 30 ni ó ń tán fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ a sì wúwo bí ẹni pé a so odó mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ a ti mọ bí a ti ń sun ọ̀rá pẹ̀lú ṣúgà, a sì tún lè jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Iṣu, ẹ̀kọ, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mile 12 tó àwa. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra oríṣìíríṣìí ohun dídùn inú ọ̀rá tí ó ti òkè òkun wá. A tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó dàbí omi gọ́ọ̀mù.

Ní ti bàtà, àwọn kan ń sọ fún wa pé Abebe Bikila ti Ethiopia fi ẹsẹ̀ lásán sáré ní Róòmù ní ọdún 1960, ó sì borí gbogbo ayé ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Róòmù kò ní ìṣó àti àfọ́kù ìgò bíi ti Kétu. Àti pé nígbà tí Bikila tún borí ní Tókíò ní ọdún 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì yára ju ti ìṣáájú lọ. Òkìrìkà ni a ti ra tiwa. Kí ẹni tí yóò ra òkìrìkà tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Bí ó bá ti le bí pákó, ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, bí etí ti ń gbọ́ ọ, "kò sí ọ̀fẹ́" ni, eré yìí sì jẹ́rìí sí i. Oṣù mẹ́jọ ni a fi múra sílẹ̀ fún odindi eré náà lẹ́yìn tí a ti sá ti kìlómítà 10 ní àsìkò méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan. A kì í fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìrìn ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a ń dín in kù kí egungun lè sinmi. Eré gígùn ti Sátidé sì ń gòkè láti 8 sí 12, sí 18, títí ó fi dé 30. Ara kò mọ owó, kò mọ ipò, kò sì mọ ẹni tí a fẹ́ fi hàn. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó gba nọ́ḿbà eré ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà, tí kò sá kìlómítà márùn-ún rí, tí ó ní òun yóò fi ọkàn gíga sá a. Kí ó tó dé Òwòròńṣòkí ni ọkọ̀ aláìsàn ti gbé e, ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì lò lábẹ́ omi tí a so kọ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó lágbára ju wa lọ ní ìlọ́po méjì. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn ará àdúgbò ń yìn ín ní akíkanjú, ìyá rẹ̀ sì jókòó ní ẹsẹ̀ ibùsùn.

A mẹ́nu kan owó. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un. Abraham Kiptum tí ó gba eré àkọ́kọ́ Èkó ní 2016 padà fi àkókò tí ẹnikẹ́ni kò sá rí parí ìdajì marathon ní Valencia ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn alábòójútó yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì pa àkókò náà rẹ́. Eré ti Èkó kò sí nínú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A kàn ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé ibi ẹ̀bùn ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé ó kórìíra kí ara wa le. Àkókò ni ó ń ṣírò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ń sáré kúrò nílé kí ẹ lè pẹ́ nílé. Ta ni yóò lọ sọ́jà? Ta ni yóò kíyè sí òrùlé tí ń jò?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí wákàtí mẹ́rin ti Sátidé kì í ṣe tiwa nìkan. Àdéhùn tí a bá ara wa ṣe nìyí: ibi tí eré Sátidé bá ti parí, Mile 12 ni, àwa ni a ó sì ra ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ kí a tó wọlé. Àwọn oníṣòwò mọ̀ wá báyìí, "Bàbá eléré" ni wọ́n ń pè wá, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹni tí ó ti sáré 24 kìlómítà kò ní agbára àtinájà. Òrùlé ni a kọ́kọ́ tún ṣe kí a tó ra bàtà kejì.

Ẹ̀yin ìyá, a kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni a ń sọ. Olùkọ́ obìnrin tí ń bá wa sáré ń fi wá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Ní Amsterdam ní ọdún 1928, nítorí pé àwọn obìnrin kan rẹ̀ lẹ́yìn eré 800 mítà, àwọn alákòóso ní ara obìnrin kò gbà á, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní Olympic títí di 1960. Ní 1966, Bobbi Gibb fara pa mọ́ sínú igbó kí ó tó yọ sí àárín àwọn ọkùnrin ní marathon Boston, nítorí wọn kò gbà á láyè. Ọdún 1984, ní Los Angeles, ni a kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin sá marathon ní Olympic. Joan Benoit ti Amẹ́ríkà parí rẹ̀ ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 24. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá alábíyamọ ní Mile 12 ní òwúrọ̀ kò ní ya ẹnu.

Ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020 ni tiwa kò. Ní Sùúrùlérè, ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èrò ti kún. Òórùn oògùn apara àti ti ìpara gbígbóná gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bí ìbọn ti dún, àwọn ará Kenya àti Ethiopia ti lọ, a kò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́. David Barmasai Tumo ti Kenya ni ó gbà á ní ọdún náà, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23. Nígbà tí òun ń gba òdòdó ní Eko Atlantic, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Òwòròńṣòkí ni.

Ṣùgbọ́n Òwòròńṣòkí! Àwọn ará ilé ti jáde sí ẹ̀bá títì, àwọn ọmọdé na omi inú ọ̀rá sí wa, ẹnìkan sì lu agogo bí ẹni pé ìyàwó ni à ń gbé bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni afárá. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù ọkọ̀ ni ó ni afárá náà. Ẹlẹ́sẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ mọ bí ó ti ń dun ni. Ọdún mélòó ni a ti fi gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú ọkọ̀, tí ojú wa kò rí ju ẹ̀yìn orí ẹni tí ó jókòó níwájú! Ní òwúrọ̀ náà, ìdákẹ́jẹ́. Kìkì ìró bàtà. Oòrùn ń jó wa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì láti orí ọ̀sà, ní ọwọ́ ọ̀tún sì ni èéfín ẹja ti Màkókò ń rú, ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ jẹ́jẹ́, ọkùnrin inú rẹ̀ sì gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè kí wa. Ibẹ̀ ni a rántí ẹni tí a gbé pósí rẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni òun àti àwa ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ìkòyí ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Pajápajá mú wa ní ẹsẹ̀ méjèèjì, a sì ń rìn láti òpó iná kan dé èkejì, a ń sáré láti èkejì dé ẹ̀kẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí, tí òun náà ń tiro, bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó fún wa: "Bàbá, ó ku kan. Bàbá, ó tún ku kan." Irọ́ ni ó ń pa, a mọ̀, a sì ń bá a lọ. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 51 ni a fi parí. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ní kí ìjọ dìde, olùkọ́ obìnrin nì àti àwa kàn wo ara wa lójú.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, 128 lórí 82 ni. Oògùn ṣì ń bẹ, ṣùgbọ́n dókítà ti dín in kù sí ìdajì. Kí oṣù náà tó parí ni a rí aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Èkó níhìn-ín, nígbà tí ó sì di ìparí oṣù Máàṣì, gbogbo ìlú ti wà ní títì pa. Àgbàlá ilé ni a wá ń sá yípo, àwọn adìẹ sì kọ́kọ́ rò pé àwọn ni à ń lé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin atúnfóònùṣe wa ti ń sọ ti triathlon báyìí, eré tí a fi ń wẹ̀ lódò, tí a fi ń gun kẹ̀kẹ́, kí a tó wá sáré. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii ní ọdún 1978: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti odindi marathon lé e. Ènìyàn 15 ni ó gbéra, 12 sì parí. Èyí tí ó wọ Olympic ní Sydney ní ọdún 2000 rọrùn díẹ̀: kìlómítà kan ààbọ̀, 40, àti 10. Ó ní àwọn ọmọ Àgbóyì tí a bí sí etí omi lè wẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. A gbà fún un. Ṣùgbọ́n omi odò ibẹ̀ kò mọ́, adágún ìwẹ̀ tí a lè san owó rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Ẹni tí ó bá sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòròdú láàárín àwọn dánfó, ìdíje mìíràn ni ó ń ṣe. A ní kí ó kọ́kọ́ sá 42.

Ìyá àwọn ọmọ ti ń bá wa rìn dé Alápẹ̀rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún wa. Ní Sátidé tí ó kọjá ni ó bèèrè bí ti kìlómítà 10 ti ń rí, àti bóyá a mọ ẹni tí ń ta òkìrìkà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le; nọ́ḿbà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, 39 ni.